Ẹni Tó Bá Mi Sọ̀rọ̀ Nínú Àtìmọ́lé

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ìsọ̀-Obì,
                                                  Mákùn, Ṣàgámù,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Olúkẹ́mi, ọmọ ìyá mi tí ìyá kan náà kò bí,

Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá Ayọ̀ọlá ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ayọ̀ọlá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ní yunifásítì, àbí ó ṣì ń pè ọ́ láràárọ̀ pé òun fẹ́ wálé? Mo mọ̀ pé òtútù Jọ́ọ̀sì yóò ti máa bẹ̀rẹ̀. Jọ̀wọ́, máa fi nǹkan bo àyà, má ṣe bí ìgbà tí a wà nílé ìwé ní Ìkẹ́nnẹ́, tí eyín rẹ á máa lu ara wọn tí wàá sì ní ooru ló ń mú ọ. Ara tèmi ti ń yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá Tawfiq ń kí ọ, àwọn ọmọ náà ń kí ọ.

O ti pè mí títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ. Lọ́yà mi ló kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí ohùn tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ láyé ìsinsìnyí, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé etí ẹni tí a kò rán an sí. Ní báyìí tí ẹjọ́ tèmi ti parí, mo ní kí n jókòó kọ ọ́ fún ọ látìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ lo gbọ́ pé ọlọ́pàá mú mi pé mo mutí yó wakọ̀. Èmi Sàrátù, tí n kò fi ẹnu kan ọtí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Ìyókù tí o gbọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná títí wàá fi ka èyí tán.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni. O mọ̀ pé Akaka ni mo ti ń ra obì, èmi fúnra mi ni mo sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo fi ń kó o wá sí Ṣàgámù. Kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òùngbẹ kan ti ń gbẹ mí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Màá mumi títí ikùn á fi le, síbẹ̀ ọ̀fun mi á tún gbẹ. Mo ń rù. Mo ní ọyẹ́ ni. Bàbá Tawfiq tilẹ̀ sọ fún mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé èémí mi ń rùn bí èso tó ti fẹ́ kan. Mo fi ṣẹ̀rín, mo lọ run orín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, kùrukùru bo ọ̀nà Akaka débi pé n kò rí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo ayé funfun. Ó dà bíi pé ọkọ̀ mi dúró sójú kan, tí ọ̀nà sì ń wá bá mi. Orí mi wúwo, ọwọ́ mi wúwo. Àfi bí mo ṣe rí obìnrin kan tó ń sọdá níwájú mi, tó fi ọwọ́ kan di orí mú, tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo yà fún un, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ igbó. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Kùrukùru nìkan ló wà níbẹ̀.

Ibi tí mo yà sí yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́pàá na igi dínà sí. Ìńsípẹ́kítọ̀ Adéwọlé ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Bí mo ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi, ó sì yíjú sí àwọn yòókù.

“Àlàájà ti mu ún yó láàárọ̀ kùtù,” ló wí.

Mo ní, “Ọ̀gá, n kì í mutí. Ara mi ni kò yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi.”

“Omi wà ní tésàn.”

Wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èémí awakọ̀ wò. Imú Adéwọlé ni ẹ̀rọ wọn. Wọn kò gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n sì fi ọkọ̀ wọn gbé mi lọ sí tésàn kan tí n kò ní dárúkọ nínú lẹ́tà.

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn tésàn náà ni wọ́n tì mí mọ́. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n èèyàn kò lè mọ̀ níbẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó ga, wọ́n fi wáyà bò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Mo jókòó sórí ìmọ́lẹ̀ náà. Igun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣókùnkùn biribiri, ibẹ̀ ni ohùn náà sì ti wá.

“Ẹ má sùn o, Màmá.”

Ohùn obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, ó gbẹ bíi ti ẹni tí omi kò kan ètè rẹ̀ láti àná. Kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù kò bà mí. Mo rò pé wọ́n ti tì í mọ́bẹ̀ kí n tó dé ni. Mo kí i. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n mú un fún.

“Wọ́n ní mo mutí,” ló wí. “N ò mutí, Màmá. Orí ni mo fi gbá gíláàsì ọkọ̀. Mo sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ sùn kí ọtí lè dá lójú mi.”

“O wá sùn?”

“Mo sùn.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Mo bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó ní Inúolúwa ni wọ́n ń pe òun, Ìpẹ̀rú sì ni ilé wọn. Láti ìgbà yẹn, bí ojú mi bá ti fẹ́ pa dé, á ní, “Ẹ lu ilẹ̀kùn.” Màá lu ilẹ̀kùn. Á ní, “Ẹ béèrè omi.” Màá pariwo omi. Lódìkejì, mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọlọ́pàá pé ọtí Àlàájà yìí le o, ó ti ń dá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin ni, Kọ́pùràlì Fadékẹ́, tí mo padà wá mọ orúkọ rẹ̀. Ó na omi inú ọ̀rá kan sí mi, ó ní kí n tètè mu ún kí ọ̀gá òun tó rí i. Mo mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fún ọmọbìnrin yìí náà ní tiẹ̀.”

Ó wo igun náà. Ó wò mí. “Ọmọbìnrin wo, Ìyá?”

“Inúolúwa,” ni mo wí.

Olúkẹ́mi, mo ti rí ẹ̀rù lójú èèyàn rí, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí ooru iná kàn. Ó gbé ọ̀rá omi kejì sílẹ̀ nínú òkùnkùn náà, ó pa ilẹ̀kùn dé, mo sì gbọ́ tó ń sáré lọ.

Mo fẹ́ ti omi náà sún mọ́ ọmọbìnrin náà. Mo rákò, mo nawọ́ sí igun. Ọwọ́ mi kan ògiri. Mo fọwọ́ wá a lọ, mo fọwọ́ wá a bọ̀. Ògiri nìkan ni, ó tutù bí ìdí àmù. Ìgbà yẹn ni ohùn náà sọ̀rọ̀ létí mi gan-an, ó súnmọ́ débi pé irun ọrùn mi mì: “Ẹ lu ilẹ̀kùn, Màmá.” Mo fi gbogbo agbára tó kù nínú mi lù ú. N kò rántí nǹkan mìíràn mọ́.

Ilé ìwòsàn ni mo ti lajú. Fadékẹ́ ló ti yọ́ lọ mú fóònù mi, tó sì pe Bàbá Tawfiq pé kí wọ́n sáré wá kí ìyàwó wọn má bàa kú. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí mo ti ń gbé kiri láìmọ̀. Ó ní tó bá le dé ibi tí tèmi le dé, èémí èèyàn a máa rùn bí ọtí, ahọ́n a máa wúwo, ẹsẹ̀ a sì máa yẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀. (Olúkẹ́mi, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà wò. Má jiyàn.)

O lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí o. Àwọn ọlọ́pàá gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù síbẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá bọ́ lọ́rùn mi, ọrùn tiwọn ni yóò kọ́, nítorí wọn yóò dáhùn ìdí tí wọ́n fi ti aláìsàn tó ń bẹ̀bẹ̀ omi mọ́lé títí ó fi dákú. Adéwọlé rán ẹnì kan sí Bàbá Tawfiq pé kí n sáà gbà pé mo jẹ̀bi, ìtanràn kékeré ni wọn yóò bù fún mi, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Mo ní rárá. Kí wọ́n máa pe Tawfiq ní ọmọ Àlàájà ọ̀mùtí? Kí n wọ ìsọ̀ obì kí wọ́n máa fi imú wá mi? Wọ́n ti ń ṣe é náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò jẹ ọbẹ̀ mi mọ́. Àní lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí Bàbá Tawfiq tó dúró nínú òkùnkùn yàrá tó ń gbóòórùn ife omi mi. Kò mọ̀ pé mo rí òun. Mo dijú padà, mo sunkún láìdún.

A gba lọ́yà kan, Oyèbọ̀dé, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ó ní sùúrù. Mo ní kó bá mi wá ọmọbìnrin tí wọ́n tì wá mọ́lé pọ̀, pé òun ni ẹlẹ́rìí mi. Nígbà tó padà dé, kò jókòó.

“Àlàájà, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n tì mọ́ ibẹ̀.”

“Ta ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìyẹn ní kọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá ní ẹ gbọ́ ohùn nínú yàrá òfìfo, wọ́n á ní ọtí ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ohun tí dókítà sọ á dòfo.”

Dókítà ní àìsàn náà lè mú kí èèyàn gbọ́ ohun tí kò sí. Alùfáà wa ní kí n máa ké Áyátúlí Kúrìsíyù, ẹsẹ Àlùkùránì tí a fi ń wá ààbò, kí n má sì dárúkọ ẹni náà mọ́. Èmi gbọ́ tàwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lójú ọ̀nà Akaka nínú ọkọ̀ èrò báyìí, ojú mi kì í kúrò lára fèrèsé.

Ọjọ́ tí mo rojọ́ pé. Mo fi ọwọ́ lé Àlùkùránì, mo búra. Oyèbọ̀dé bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn dáadáa. Ni agbẹjọ́rò ọlọ́pàá bá dìde. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì dùn bí oyin.

“Àlàájà, àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nínú àtìmọ́lé. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

Oyèbọ̀dé ń fi ojú bẹ̀ mí. Bàbá Tawfiq dorí kodò. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní n kò rántí, mo ti lọ sílé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì gbóná láti orí Àlùkùránì, mo sì rò ó pé ẹni tí kò jẹ́ kí n sùn kú, ṣé èmi ni màá wá sọ pé kò sí?

Mo ní, “Inúolúwa ni mo bá sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìpẹ̀rú ni. Ó ní wọ́n ní òun mutí, òun kò sì mutí. Orí ni òun fi gbá gíláàsì ọkọ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò ọlọ́pàá tẹríba fún májísíréètì, ó ní ilé ẹjọ́ ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tí ẹnì kan figbe ta láti ẹ̀yìn. Fadékẹ́ ni, nínú aṣọ ọlọ́pàá rẹ̀. Wọ́n mú un wá láti jẹ́rìí takò mí ni.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín!” ló ń ké. “Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ibẹ̀ ló kú sí!”

Májísíréètì, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, rọra ní kí ó bọ́ síwájú kó búra. Adéwọlé dìde, ó fẹ́ jáde. Májísíréètì ní kó jókòó.

Fadékẹ́ wá tú u síta. Nínú òjò ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ ọmọbìnrin kan, Inúolúwa, kọlu afárá kékeré kan lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Orí rẹ̀ gbá gíláàsì. Ó jáde fúnra rẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, Adéwọlé sì ní ó ti yó. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ó béèrè omi títí, ó ní orí ń fọ́ òun, nígbà tó sì dákẹ́ wọ́n ní ó ti sùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ojú ọ̀nà ló kú sí láàárọ̀, wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọtí ló pa á. Fadékẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Adéwọlé ní tó bá yanu, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́.

Májísíréètì tú mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó sì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Èmi lọ, Fadékẹ́ lọ, dókítà tó gba òkú náà lọ. Dókítà ní ara rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé ní ìrọ̀lẹ́. Báwo lẹni tó kú láàárọ̀ yóò ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́? Wọ́n ti yọ Adéwọlé níṣẹ́, ó wà ní àhámọ́, ẹjọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga nínú oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti pàṣẹ fún tésàn náà pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní ó mutí, dókítà ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bàbá Tawfiq tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. N kò béèrè ohun tó ń tọrọ rẹ̀ fún.

Ohun kan wà tí Fadékẹ́ kò sọ níwájú ìgbìmọ̀. Ó wá sọ ọ́ fún mi nílé. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé mi jáde tán, òun padà lọ gbá yàrá náà. Ọ̀rá omi kejì wà ní igun tí òun gbé e sí. Kò lu, kò ya, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ṣùgbọ́n ó pẹlẹbẹ, kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá Inúolúwa ránṣẹ́ pè mí sí Ìpẹ̀rú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn. Mo ti rò pé Màmá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọn kò dúpẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Èmi tí mo bí i, kò yọjú sí mi rí, kódà lójú oorun. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ló bá sọ̀rọ̀?”

Mo kúnlẹ̀ ni.

Wọ́n ní kí n sọ gbogbo ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo sọ ọ́. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, wọ́n béèrè pé, “Ṣé bó ṣe já geere nìyẹn? Kò dúró láàárín ọ̀rọ̀?”

“Kò dúró, Màmá. Geere ló ń sọ ọ́.”

Wọ́n lajú. “Akólòlò ni ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Láti kékeré. Kò pe orúkọ ara rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan rí. Bí ẹ̀rù bá wá bà á, ahọ́n rẹ̀ á so pátápátá. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní ó yó.”

Mo wo Màmá, n kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ sọ pé kì í ṣe ọmọ wọn ni mo gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọwọ́ wọn di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Tún un pè fún mi,” ni wọ́n wí. “Orúkọ rẹ̀. Bí òun ṣe pè é.”

Mo pè é. Màmá ní kí n tún un pè. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí a ṣe nìyẹn.

Bá mi kí Bàbá Ayọ̀ọlá, kí wọ́n máa tọ́jú orúnkún wọn. Kí Ayọ̀ọlá, sọ fún un pé Màmá Tawfiq ní kó mú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn. Mo ń yà kí àwọn òbí rẹ ní Ìkẹ́nnẹ́ bí mo bá ń kọjá. Ara wọn le, wọ́n ń retí rẹ lọ́dún Kérésì. Fi mí sínú àdúrà nítorí oṣù tó ń bọ̀. Èmi náà ń rántí rẹ nínú ìrun mi.

                                                  Tìrẹ ni mo ṣì ń jẹ́ títí láé,
                                                  Sàrátù.